TA NI Ó FI ÀRÙN SÍNÚ OMI?

  

Ọ̀rọ̀ omi ni a fẹ́ bá yín sọ lónìí. Àwọn àgbà ní omi kò ní ọ̀tá. A fi ń mu, a fi ń sè, a fi ń wẹ̀. Bí àlejò bá dé, omi ni a kọ́kọ́ ń gbé fún un. Ṣùgbọ́n omi kan náà lè gbé ikú wọlé. Bí òjò bá bẹ̀rẹ̀, àrunṣu a máa mú àwọn ọmọdé. Ọmọ kan a ṣu, a bì, ojú rẹ̀ a jìn wọnú. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ọmọ kejì nínú agbo ilé náà a tún bẹ̀rẹ̀.

Bí irú èyí bá ṣẹlẹ̀, kí ni a máa ń béèrè? A máa ń béèrè pé: “Ta ni ó ṣe wá báyìí?” A óò bẹ̀rẹ̀ sí í wo aládùúgbò. A óò bẹ̀rẹ̀ sí í wo ìyá arúgbó tí ó jókòó jẹ́ẹ́ sí ẹ̀yìn ilé. Ìbéèrè yìí ti tú ọ̀pọ̀ agbo ilé ká, kò sì wo ọmọ kankan sàn.

Ìbéèrè mìíràn wà tí ó dára jù. Òun ni: “Ibo ni àrùn yìí gbà wọlé?” Ẹ jẹ́ kí á wo bí a ṣe ń béèrè rẹ̀.

KÒKÒRÒ TÍ OJÚ KÒ RÍ

Ẹ̀yin ará, kòkòrò àrùn kéré púpọ̀. Ojú lásán kò lè rí i. Bí a bá to ẹgbẹ̀rún kan nínú kòkòrò onígbáméjì ní ìlà kan, ìlà náà kò gùn tó hóró ìrẹsì kan. Awò tí ó ń sọ ohun kékeré di ńlá ni àwọn onímọ̀ fi ń rí i.

Nítorí náà, omi lè mọ́ gaara lójú, kí kòkòrò sì kún inú rẹ̀. Omi lè dùn lẹ́nu, kí ó má rùn rárá, kí ó sì pa ènìyàn. Ẹ fi èyí sọ́kàn: ojú kò tó láti fi mọ omi tí ó dára.

Ibo ni kòkòrò náà ti ń wá? Púpọ̀ nínú rẹ̀ ń ti inú ìgbẹ́ ènìyàn wá. Ẹni tí ara rẹ̀ kò yá ṣu sí ìgbẹ́. Òjò gbá a. Ó wọ inú kànga tàbí odò. Ẹlòmíràn pọn omi náà, ó mu ún. Ọ̀nà tí onígbáméjì ń gbà nìyẹn. Ọ̀nà tí ibà jẹ̀funjẹ̀fun ń gbà nìyẹn. Ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ àrunṣu àwọn ọmọdé ń gbà nìyẹn.

OHUN TÍ Ó ṢẸLẸ̀ NÍ LONDON NÍ ỌDÚN 1854

Ní ọdún 1854, onígbáméjì bẹ́ sílẹ̀ ní àdúgbò kan ní London, olú-ìlú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n ń pe àdúgbò náà ní Soho. Láàrin ọjọ́ mẹ́wàá, àrùn náà pa ènìyàn tí ó lé ní 500.

Ní ayé ìgbà náà, ọ̀pọ̀ dókítà gbà pé afẹ́fẹ́ tí ó ń rùn ni ó ń fa onígbáméjì. Dókítà kan tí ń jẹ́ John Snow kò gbà bẹ́ẹ̀. Ó ní inú omi ni ó wà. Ṣùgbọ́n báwo ni yóò ṣe mọ̀? Kò sí ẹni tí ó tíì fi kòkòrò náà hàn án. Ohun tí ó ṣe ni pé ó ń lọ láti ojúlé dé ojúlé. Ó ń béèrè pé: Ta ni ó kú níhìn-ín? Ọjọ́ wo ni? Omi ibo ni ó ń mu?

Ó rí i pé àwọn tí ó kú pọ̀ jù ní àyíká ẹ̀rọ omi kan tí ó wà ní òpópó Broad Street. Ilé iṣẹ́ ọtí kan wà nítòsí ẹ̀rọ náà. Àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ kò mu omi ẹ̀rọ náà, ọtí ni wọ́n ń fún wọn mu, wọ́n sì ní kànga tiwọn. Kò sí ẹni tí onígbáméjì pa nínú wọn.

Obìnrin kan sì wà tí ilé rẹ̀ jìnnà réré sí ibẹ̀. Onígbáméjì kò sí ní àdúgbò rẹ̀ rárá. Síbẹ̀ àrùn náà pa á. Èyí ya Snow lẹ́nu. Ó béèrè lọ́wọ́ ọmọ obìnrin náà. Wọ́n sọ fún un pé obìnrin náà ti gbé Broad Street rí, ó sì fẹ́ràn omi ibẹ̀ nítorí pé ó dùn lẹ́nu. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń fi kẹ̀kẹ́ ẹṣin gbé e wá fún un.

Snow mú ọ̀rọ̀ náà lọ bá àwọn àgbà àdúgbò. Ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹsàn-án, wọ́n yọ apá ẹ̀rọ náà kúrò, kí ẹnikẹ́ni má baà lè fa omi níbẹ̀ mọ́. Àrùn náà ti ń rọlẹ̀ kí wọ́n tó yọ ọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ti ọ̀nà tí ó lè gbà padà.

Ọ̀rọ̀ kò parí síbẹ̀. Olùṣọ́-àgùntàn kan, Henry Whitehead, tún wádìí síwájú sí i. Ó rí i pé ọmọ ọwọ́ kan ti ń ṣu gbuuru kí àrùn náà tó gbilẹ̀. Ìyá rẹ̀ ń fọ aṣọ ìdí rẹ̀, ó sì ń da omi náà sínú ihò ẹ̀gbin tí ó wà níwájú ilé. Ihò náà kò jìnnà tó mítà kan sí kànga ẹ̀rọ omi. Bíríkì rẹ̀ ti jẹrà. Ẹ̀gbin náà ń jò wọnú kànga.

Ẹ gbọ́ o. Ta ni ó fi àrùn sínú omi? Kì í ṣe àjẹ́. Kì í ṣe ọ̀tá. Ìyá kan tí ó ń tọ́jú ọmọ rẹ̀ tí ara rẹ̀ kò yá ni. Kò mọ̀. Ọmọ náà sì kú mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ní ọdún 1883 àti 1884, Robert Koch, dókítà ará Jámánì, wá kòkòrò náà lọ sí Íjíbítì àti Íńdíà, ó sì rí i. Èyí fi hàn pé òótọ́ ni Snow sọ. Snow ti kú láti ọdún 1858.

Ní ọdún 1970, onígbáméjì dé apá tiwa yìí, Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Láti ìgbà náà, ó máa ń lọ, ó sì máa ń padà.

SÒBÌÀ LỌ, KÒ SÍ ABẸ́RẸ́ TÍ Ó LÉ E

Bóyá ẹnìkan yóò sọ pé: “London nìyẹn. Òyìnbó ni wọ́n.” Ó dára. Ẹ jẹ́ kí á padà sílé.

Ẹ̀yin àgbà kò gbàgbé sòbìà. Aran gígùn ni, ó lè gùn tó mítà kan. Ẹsẹ̀ ni ó sábà máa ń gbà jáde, pẹ̀lú ìrora bí iná. Àkókò iṣẹ́ oko gan-an ni í máa dá ènìyàn dùbúlẹ̀. Ní ọdún 1990, àwọn tí sòbìà mú ní orílẹ̀-èdè Benin lé ní 30,000. Ẹkùn Zou, tí Ṣábẹ̀ wà nínú rẹ̀ ní ìgbà náà, wà lára ibi tí ó ti pọ̀ jù.

Báwo ni wọ́n ṣe lé e? Kò sí abẹ́rẹ́ àjẹsára fún sòbìà. Kò sí oògùn tí ó ń pa á nínú ara. Ìwádìí ni wọ́n fi lé e. Wọ́n ń lọ láti abúlé dé abúlé. Wọ́n ń ka àwọn tí ó ní in. Wọ́n ń béèrè odò tàbí adágún tí olúkúlùkù ti ń pọn omi. Wọn kò béèrè omi àná nìkan, nítorí pé aran náà ń lo nǹkan bí ọdún kan nínú ara kí ó tó jáde. Ẹni tí sòbìà ń jáde lẹ́sẹ̀ rẹ̀ lónìí, omi èṣí ni ó gbé e mu.

Ìwádìí fi ọ̀nà rẹ̀ hàn. Ẹni tí ó ní in ń ti ẹsẹ̀ bọ omi kí ẹsẹ̀ náà lè tù ú. Aran náà a tú ọmọ rẹ̀ sínú omi. Kòkòrò kékeré inú omi a gbé e mì. Ẹlòmíràn a mu kòkòrò náà mọ́ omi. Nígbà tí a mọ ọ̀nà, a dí i. A ń fi aṣọ sẹ́ omi. A kò jẹ́ kí ẹni tí ó ní in wọ inú omi mímu mọ́. A gbẹ́ kànga ẹ̀rọ. Ní ọdún 2004 ni sòbìà mú ẹni ìkẹyìn ní Benin. Ní ọdún 2009, Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí i pé ó ti tán nílẹ̀ wa. Ti Nàìjíríà parí ní ọdún 2008, wọ́n sì fọwọ́ sí i ní ọdún 2013.

Ẹ̀yin ará, ẹ̀yin gan-an ni ẹ ṣe é, ẹ̀yin tí ẹ sọ òtítọ́ fún àwọn oníwàádìí, ẹ̀yin tí ẹ ń fi aṣọ sẹ́ omi ní àárọ̀ àti ní alẹ́.

Ẹ JẸ́ KÍ Á WO KÀNGA WA

Àgbà ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ inú rẹ̀. Ibo ni kànga tiwa ti lanu? Ẹ kó ara yín jọ, ẹni mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ọkùnrin àti obìnrin. Ẹ lọ sí ìdí kànga yín. Ẹ béèrè àwọn nǹkan wọ̀nyí:

1. Ṣé ṣáláńgá kan wà nítòsí? Ó yẹ kí ó jìnnà tó mítà 30, kí ó má sì wà ní òkè kànga, nítorí pé omi máa ń ṣàn lọ sí ìsàlẹ̀.
2. Ṣé ẹran ọ̀sìn ń mu omi, tí wọ́n sì ń ṣu sí ìdí kànga?
3. Ṣé sìmẹ́ńtì ìdí kànga ti sán? Ṣé omi ìdọ̀tí ń dúró síbẹ̀?
4. Ṣé kànga ní ìdérí?
5. Ṣé olúkúlùkù ń ju korobá tirẹ̀ sínú kànga? Ṣé orí ilẹ̀ ni okùn máa ń wà?
6. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀rọ ni, ṣé ó ti ń mì? Ṣé ó ń jò?

Gbogbo ibi tí ìdáhùn bá ti fi àléébù hàn, ibẹ̀ ni ògiri ti lanu. Ẹ má rò pé òkúta tí ó wà nínú ilẹ̀ wa yóò sẹ́ omi fún wa. Láàrin ojú ibi tí òkúta ti là ni omi máa ń gbà lọ. Ẹ̀gbin lè gba ibẹ̀ pẹ̀lú, kí ó sì rìn jìnnà.

OMI MỌ́ NÍ ÌDÍ Ẹ̀RỌ, KÒ MỌ́ NÍNÚ ÀMÙ

Bí òṣìṣẹ́ ìlera bá fẹ́ mọ̀ bóyá omi dára, yóò bu ú sínú ìgò tí a ti sè kí kòkòrò inú rẹ̀ lè kú. Yóò gbé e sínú ohun tútù, yóò sì tètè gbé e lọ síbi àyẹ̀wò. Wọ́n á wá kòkòrò kan tí ń jẹ́ E. coli. Inú ìfun ènìyàn àti ti ẹranko ni kòkòrò yìí ń gbé. Bí a bá rí i nínú omi, a mọ̀ pé ìgbẹ́ ti dé ibẹ̀. Ìlànà Àjọ Ìlera Àgbáyé ni pé ẹyọ kan kò gbọdọ̀ sí nínú mílílítà 100 omi mímu. Mílílítà 100 kò ju ife tíì kékeré kan lọ.

Ẹ wá gbọ́ ohun tí ó ya àwọn oníwàádìí lẹ́nu ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. Wọ́n yẹ omi wò ní ìdí ẹ̀rọ: ó mọ́. Wọ́n tẹ̀ lé obìnrin tí ó pọn ọ́n dé ilé. Wọ́n tún yẹ omi kan náà wò nínú àmù: kòkòrò ti wà nínú rẹ̀!

Ibo ni ó gbà wọlé? Ẹ jẹ́ kí á rin ọ̀nà náà. Ṣé a fọ korobá kí a tó pọn omi? Ṣé a já ewé lé omi lórí kí ó má baà dànù lọ́nà? Ṣé ọwọ́ ẹni tí ó gbé korobá kan omi? Ṣé ìdọ̀tí àtijọ́ wà ní ìsàlẹ̀ àmù tí a da omi tuntun lé lórí? Ṣé igbá tí a fi ń bu omi wà ní ilẹ̀ẹ́lẹ̀? Ṣé ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìgbẹ́ dé ti ọwọ́ bọ inú rẹ̀?

A fi owó àti agbára gbẹ́ kànga ẹ̀rọ. A tò sórí ìlà láti àfẹ̀mọ́jú. Ó mà ṣe o, bí ọwọ́ ọmọ kékeré kan bá sọ gbogbo làálàá yẹn di asán lẹ́nu ọ̀nà ilé.

OMI TÍ Ó DÚRÓ PẸ́ NÍNÚ TÁǸKÌ

Ní àwọn ibòmíràn, omi ń wá láti inú táǹkì ńlá, ó ń gba inú páìpù dé ẹnu rọ́bìnẹ̀. Ìrọ̀rùn ńlá ni. Ṣùgbọ́n táǹkì pẹ̀lú fẹ́ ìtọ́jú. Bí omi bá dúró pẹ́ nínú rẹ̀, tí ó sì móoru, ohun kan tí ó ń yọ̀ bí ilá a máa lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀. Inú rẹ̀ ni kòkòrò máa ń sá pamọ́ sí.

Ní oṣù Keje ọdún 1976, àwọn ológun àtijọ́ ṣe ìpàdé ní ilé-ìtura ńlá kan ní Philadelphia, ní Amẹ́ríkà. Lẹ́yìn ìpàdé náà, àìsàn ẹ̀dọ̀fóró bẹ̀rẹ̀ sí í mú wọn. Ènìyàn 221 ni ó ṣàìsàn. 34 kú. Ẹnikẹ́ni kò mọ ohun tí ó pa wọ́n. Wọ́n wádìí oúnjẹ. Wọ́n wádìí omi. Wọ́n wádìí yàrá tí olúkúlùkù sùn. Oṣù Kìíní ọdún 1977 ni Joseph McDade tó rí kòkòrò náà. Wọ́n gbà pé inú omi ẹ̀rọ tí ó ń mú ilé tutù ni ó ti pọ̀ sí i, tí afẹ́fẹ́ sì gbé e bí ìrì wọ inú ènìyàn. Ilé olówó ni o. Kòkòrò kò mọ olówó yàtọ̀ sí tálákà.

ÈKÚTÉ INÚ ILÉ

Kì í ṣe omi nìkan ni a ń wádìí. Ilé pẹ̀lú ní ẹnu. Ní ọdún 1969 ni a kọ́kọ́ mọ ibà Lassa, ní ìlú Lassa ní Borno, Nàìjíríà. Ní oṣù Kìíní ọdún 2016, ó bẹ́ sílẹ̀ ní Tchaourou, ní ojú ọ̀nà Parakou, kò jìnnà sí wa. Ó pa ènìyàn. Eku kan tí ó ń wọ ilé ni ó ń gbé e kiri. Ìtọ̀ àti ìgbẹ́ rẹ̀ ń kan oúnjẹ tí a kò bò. Ẹni tí ó bá mú lè kó o ran ẹni tí ń tọ́jú rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ bo gààrì, ẹ bo àgbàdo, ẹ bo ẹ̀wà sínú ohun tí ó ní ìdérí. Ẹ dí ihò ara ògiri. Ẹ kó pàǹtírí jìnnà sí ilé. Bí ibà bá mú ènìyàn tí kò lọ lẹ́yìn oògùn ibà, ẹ tètè gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Bí wọ́n bá béèrè ẹni tí ó fọwọ́ kàn án, ẹ dárúkọ gbogbo wọn. Ọjọ́ 21 ni wọn yóò fi máa ṣọ́ wọn. Kì í ṣe ẹ̀wọ̀n. Ààbò ni.

KÍ NI A Ó ṢE?

Ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ lẹ́yìn ìgbẹ́ àti kí ẹ tó fọwọ́ kan oúnjẹ. Bí kò bá sí ọṣẹ, ẹ lo eérú.

Ẹ bo àmù. Ẹ fi ife tí ó ní ọwọ́ gígùn bu omi, kí ẹ sì fi kọ́ sókè. Ẹ máa fọ àmù dénú kí ẹ tó da omi tuntun sí i.

Bí ẹ kò bá dá omi lójú, ẹ sè é kí ó hó dáadáa. Bí igi ìdáná bá wọ́n, ẹ da omi tí ó mọ́ lójú sínú ìgò ike tí ó funfun gaara, kí ẹ tẹ́ ẹ sínú oòrùn fún wákàtí 6. Bí ìkùukùu bá pọ̀, kí ó tó ọjọ́ méjì. Bí ẹ bá ra oògùn ìfọmi, ẹ ka ìwé ara rẹ̀. Ẹ ti mọ̀ ọ́n kà báyìí! Ẹ dúró fún ààbọ̀ wákàtí kí ẹ tó mu ún.

Bí ọmọ bá ń ṣu gbuuru, ẹ má dá omi dúró fún un. Ẹ mú lítà kan omi tí ó mọ́. Ẹ fi ṣúgà ṣíbí tíì 6 sí i, kí ṣíbí tẹ́jú. Ẹ fi iyọ̀ ààbọ̀ ṣíbí tíì sí i. Ẹ máa fún un díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì máa gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

MÁ FI ÀRÙN PAMỌ́

Ọ̀rọ̀ kan ni ó kù. Bí àrunṣu bá mú ẹni méjì tàbí mẹ́ta ní agbo ilé kan ní ọ̀sẹ̀ kan náà, ẹ má fi pamọ́. Ìtìjú kò sí níbẹ̀. Ẹ sọ fún òṣìṣẹ́ ìlera. Ẹ sọ ọjọ́ tí ó bẹ̀rẹ̀, àwọn tí ó mú, àti ibi tí wọ́n ti pọn omi. Ẹ kọ ọ́ sórí ìwé. Bébà pélébé kan tí ẹ kọ orúkọ mẹ́ta sí lè gba ogún ènìyàn là.

Ẹ má sì nàka sí ẹnikẹ́ni. Ẹ rántí ìyá London. Bí a bá ti lé e jáde ní ìlú, kànga náà ì bá ṣì máa pa ènìyàn. Ibi tí ògiri ti lanu ni kí á wá. Ibẹ̀ ni kí á dí.

ÌBÉÈRÈ FÚN KÍLÁÀSÌ

1. Kí ni Snow ń béèrè ní ojúlé kọ̀ọ̀kan?
2. Báwo ni sòbìà ṣe parí ní Benin?
3. Omi tí ó mọ́ ní ìdí ẹ̀rọ, kí ni ó lè bà á jẹ́ kí ó tó dé ẹnu ọmọ?
4. Ẹ lọ wo kànga tí ó sún mọ́ yín jù. Ẹ kọ àléébù méjì tí ẹ rí, kí ẹ sì kọ ẹni tí yóò tún un ṣe àti ọjọ́ tí yóò ṣe é.

Ó dìgbà kan ná o. Kí Ọlọ́run fún wa ní omi tí ó tutù, tí ó sì mọ́. Ire o.